Jibril, Ó Tó!

Bí o bá dé Òkè-Baálẹ̀ ní Òṣogbo lónìí tí o dárúkọ Jibril Oníṣọ̀nà, kí o tó sọ̀rọ̀ dé ibi kan, ẹnìkan yóò ti bi ọ́ pé, "Ṣé èyí tó kí aṣọ́lé?"

Òun náà ni. Ọdún 1993 ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, lọ́jọ́ tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa, Ìràwọ̀ Òkè-Baálẹ̀, àti ẹgbẹ́ kan láti Iléṣà jọ ń du ife. Kò tíì sẹ́ni tó gbá bọ́ọ̀lù wọlé. Ìṣẹ́jú mẹ́rin péré ló kù. A kàn ń di ara wa lápá mú. Ìgbà náà ni bọ́ọ̀lù dé ẹsẹ̀ Jibril. Ó yí ẹni àkọ́kọ́, ó yí ẹnìkejì, ó fi ẹnìkẹta sílẹ̀ níbi tó ti ń wá bọ́ọ̀lù lábẹ́ ara rẹ̀. Ẹnìkẹrin, ó yí i tán, ó tún fa bọ́ọ̀lù padà, ó tún un yí, nítorí pé, gẹ́gẹ́ bó ṣe sọ lẹ́yìn náà, ti àkọ́kọ́ kò gún régé.

Ló bá ku òun àti Nehemiah. Nehemiah ni aṣọ́lé àwọn Ìjẹ̀ṣà, ọkùnrin gìrìpá kan tó fi bí ọdún mẹ́wàá ju Jibril lọ, tó tún ń kọrin ohùn ìsàlẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Jibril mi èjìká sọ́tùn-ún, ó mì í sósì, kò tilẹ̀ fi ẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù. Nehemiah bá èjìká náà lọ, ó bá a bọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́ mọ́ra wọn, ó sì jókòó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sórí koríko, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú bí ẹni tó ń dúró de oúnjẹ. Ilé ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Léti pápá, Tíṣà Micah Ọdúntán, akọ́nimọ̀ọ́gbá wa, ń ké igbe tí gbogbo àdúgbò ti mọ̀ mọ́ ọn: "Jibril, ó tó! Gbá a!"

Jibril gbé ẹsẹ̀ sókè. Àwa ti ń fò. Ló bá wolẹ̀, ó rí i pé àgbàlagbà ló jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Ó sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀, ó tẹ̀ ba.

"Ẹ kú ìjókòó, sà."

Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n kọ́ lẹ́kọ̀ọ́ ilé ni Nehemiah. Kò jẹ́ kí ìkíni ṣubú sílẹ̀. "Oo, kú ìdúró o. Ará ulé ńkọ́?"

"Wọ́n wà, sà. A dúpẹ́."

"Ùyàwó ńkọ́?"

"Ó ní kí n kí yín, sà."

"Mo gbọ́ o," ni Nehemiah wí. Nígbà yẹn, ọwọ́ rẹ̀ ti dé orí bọ́ọ̀lù.

Kí a tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó ti dìde, ó ti ju bọ́ọ̀lù síwájú, àwọn Ìjẹ̀ṣà ti gbá a wọlé wa, rẹfirí ti fọn fèrè. Ife lọ sí Iléṣà.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn àgbà àdúgbò ránṣẹ́ pe Jibril pé kó wá ṣàlàyé ara rẹ̀. Jibril dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin bàbá mi," ló wí, "ta ni nínú yín ló kọ́ mi pé kí n kọjá lára àgbà tó jókòó, kí n má kí i?" Bàbá kan ní ká fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, pé ọmọ náà kò ṣẹ̀, ife ló ṣẹ̀.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò fi sílẹ̀ ni Tíṣà. Ọmọ Iléṣà ni Tíṣà fúnra rẹ̀, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, ṣùgbọ́n ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tó fi kọ́ àwọn ọmọ wa níwèé ní Òṣogbo kó tó fẹ̀yìn tì. Bí Iléṣà bá na wá, àwọn kan a máa wò ó bí ẹni tó jí ẹran jẹ. Nítorí náà, ìpayà méjì ló máa ń gbé wá sórí pápá nígbà tí àwa gbé ẹyọ kan wá. Yorùbá tó mọ́ gaara ló ń sọ, bó ṣe ń sọ ọ́ ní kíláàsì, ṣùgbọ́n bí bọ́ọ̀lù bá ti dé ẹsẹ̀ Jibril, èdè Ìjẹ̀ṣà ni yóò bọ́ sí i lẹ́nu. "Ulé ni mò ń lọ! Mò ń lọ ulé!" ni yóò máa wí, yóò máa lọ, yóò máa bọ̀ létí pápá. Kò lọ ilé rí kí wọ́n tó fọn fèrè ìkẹyìn.

Lọ́jọ́ tí Jibril kí aṣọ́lé yẹn, Tíṣà jókòó sílẹ̀ létí pápá, kò sì lè dìde mọ́. A gbé e lọ sílé ìwòsàn. Dókítà wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó tún un wọ̀n, ó bọ́ awò ojú rẹ̀ sílẹ̀.

"Bàbá, ẹ̀jẹ̀ yín ń ru ju bó ṣe yẹ lọ. Kí ló ń já yín láyà tó báyìí?"

"Jibril ni," ni Tíṣà wí.

Dókítà kì í wo bọ́ọ̀lù. Ó ní ohunkóhun tó bá ń jẹ́ Jibril, kí bàbá jìnnà sí i, nítorí bí irú èyí bá tún ṣẹlẹ̀ léraléra, lọ́jọ́ kan ọkàn rẹ̀ yóò da iṣẹ́ sílẹ̀. Kò fi ṣe ẹ̀fẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni Susannah, ìyàwó Tíṣà, kò ti ní ìsinmi mọ́. Ó fi bàtà ọkọ rẹ̀ pa mọ́ lọ́jọ́ ìdíje, Tíṣà wọ sálúbàtà lọ. Ó fi sálúbàtà pa mọ́, Tíṣà wọ bàtà ìyàwó rẹ̀ lọ. Nígbà tó sú u, ó dìde ó lọ bá Jibril ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Alekuwodo.

Iṣẹ́ ọnà ọrùn agbádá ni iṣẹ́ òòjọ́ Jibril. Bí aránṣọ bá rán agbádá tán, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n máa gbé e wá, kó fi òwú dárà sí ọrùn àti àyà rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ọwọ́ ló fẹ́ràn jù. Ó ní máṣíìnì a máa kánjú.

"Jibril, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́," ni Susannah wí. "Ọkọ kan ni mo ní. Bí o bá ti rí ilé lófìfo, gbá bọ́ọ̀lù sínú rẹ̀, kó tán síbẹ̀. Má pa á fún mi."

Jibril gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. "Gólì lásánlàsàn, Ìyá? Ìhòòhò ni ìyẹn o. Kò wọṣọ."

"Jẹ́ kó wà ní ìhòòhò. Òtútù kò ní í mú un."

Jibril ronú títí. Ó wá búra. "Wallahi, Ìyá, n óò gbá ọ̀kan fún Tíṣà. Ọ̀kan ṣoṣo, tí kò ní ọnà kankan lára, kí èmi àti wọn tó pínyà." Ìyá náà dúpẹ́, ó lọ. Kò mọ̀ pé ọkàn Jibril ló búra, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sí níbẹ̀.

N kò ní í purọ́, a kì í wo Jibril pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀. Bí ó bá ti gba bọ́ọ̀lù, inú a dùn, ẹ̀rù a sì máa bà wá, nígbà kan náà. O kò ní í mọ̀ bóyá ó fẹ́ gbá a wọlé tàbí ó fẹ́ gbé e yí òpó ilé ká lẹ́ẹ̀mejì. Mo rí bàbá ọlọ́jọ́ orí kan tó kọjú sí ògiri, tó ní kí ọmọ òun máa sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ fún òun díẹ̀díẹ̀. Síbẹ̀, bí wọ́n bá ní Jibril kò ní í gbá lọ́jọ́ kan, ìdajì wa kì í wá.

Bó ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù náà ló ṣe ń ṣiṣẹ́. Alùfáà Mùyídéènì gbé agbádá fún un láti inú oṣù Ààwẹ̀, pé òun fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ Iléyá. Gbogbo ìgbà tó bá yà, èsì kan náà ló ń gbà: "Ó kù díẹ̀ lọ́rùn." Àárọ̀ Iléyá pé, àwọn ènìyàn ti ń wọ́ lọ sí yídì, ó ṣì kù díẹ̀ lọ́rùn. Alùfáà gbé agbádá náà wọ̀ bẹ́ẹ̀, ó ń sáré lọ, Jibril ń sáré tẹ̀lé e tòun ti abẹ́rẹ́, ó ń parí iṣẹ́ sí i lára. Kí wọ́n tó dé yídì, ọnà ti parí, ó sì rẹwà débi pé àwọn tó wà lẹ́yìn ń na ọrùn wò ó. Ìgbà tí Alùfáà délé tó fẹ́ bọ́ aṣọ kó lè pa àgbò ló tó mọ̀ pé agbádá kò kúrò lára búbá, búbá kò kúrò lára síńgílẹ́ẹ̀tì. Jibril ti rán gbogbo rẹ̀ pọ̀. Wọ́n mú abẹ wá kí wọ́n gé òwú náà. Alùfáà wo ara rẹ̀ nínú dígí, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọnà yẹn. Inú agbádá ló ti pa àgbò, inú rẹ̀ náà ló ti sun oorun ọ̀sán.

Tíṣà náà ní aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀. Agbádá sányán ni, èyí tó fẹ́ wọ̀ lọ́jọ́ ìdúpẹ́ ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ní ọdún 1992. Kóòtù ló wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà. Ní 1993, ó kù díẹ̀ lọ́rùn. Ní 1994, ó kù díẹ̀ lọ́rùn. Nígbà tó yá, Tíṣà kò bèèrè mọ́, nítorí bó bá ti bèèrè, Jibril yóò tú èyí tó ti ṣe, yóò ní òun ti rí bí yóò ṣe dára ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Lọ́dún 1995, àwa àti Iléṣà tún pàdé, rẹfirí sì fún wa ní pẹ́nárítì. Jibril ni yóò gbá a. Tíṣà ti ń rìn lọ rìn bọ̀, ó ń lọ ulé. Nehemiah dúró láàárín òpó méjèèjì, ó wo Jibril, ó sì rántí irú ọmọ tó jẹ́.

"Jibril," ló pè é jẹ́jẹ́, "apá ibo lo fẹ́ gbá a sí?"

"Apá ọ̀tún yín, sà."

Nehemiah fò sí apá ọ̀tún rẹ̀. Bọ́ọ̀lù bá a níbẹ̀.

"Kí ló dé tí o fi sọ fún un?" ni Tíṣà bi í.

"Wọ́n bi mí ni, sà."

"O kò lè dákẹ́?"

"Kí àgbà bi mí léèrè, kí n dákẹ́?"

"Kí o purọ́ ńkọ́, Jibril! Kí o purọ́!"

Jibril wò ó bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà dùn dé egungun. "Tíṣà, ẹ̀yin fúnra yín lẹ nà mí ní kíláàsì kẹta nítorí irọ́." Tíṣà ki ọwọ́ bọ àpò, ó mú oògùn rẹ̀ jáde, ó gbé e mì láìlomi.

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń bá a lọ títí di ọdún 1996, tí àwa àti Iléṣà tún jọ ń du ife, ní Iléṣà lọ́hùn-ún. Ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, Tíṣà lọ kí àwọn ẹbí rẹ̀ níbẹ̀, ó sì ṣubú lulẹ̀ nínú ilé. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan tí kò jìnnà sí pápá. Dókítà ibẹ̀ ní kò gbọdọ̀ wo eré náà, kò gbọdọ̀ gbọ́ ọ, bó bá ṣeé ṣe, kó má rò ó. Ẹ̀rù bà wá gidigidi. Kí a tó wọ pápá, a gbàdúrà, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́ẹ́nì, a ò sì mọ̀ bóyá ife la ń bẹ Ọlọ́run fún tàbí Tíṣà. Jibril kàn ń so okùn bàtà rẹ̀, ó ń tú u, ó ń so ó.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n ti fèrèsé, ṣùgbọ́n ariwo kì í gba fèrèsé nìkan wọlé. Susannah fi ọwọ́ méjèèjì di etí ọkọ rẹ̀.

"Mú ọwọ́ rẹ kúrò, jẹ́ kí n gbọ́."

"Dókítà ní ẹ ò gbọdọ̀ gbọ́."

"Susannah, àìgbọ́ ló fẹ́ pa mí."

Lórí pápá, ìṣẹ́jú kẹta ni bọ́ọ̀lù yí dé ẹsẹ̀ Jibril láàárín pápá gan-an. Gbogbo Òṣogbo mí kanlẹ̀. Ọmọkùnrin Ìjẹ̀ṣà kan ń bọ̀ wá pàdé rẹ̀, ó ti ń tijú sílẹ̀ de ohun tí Jibril máa fi ojú rẹ̀ rí. Jibril kò dúró dè é. Láti ibi tó wà, ó fi orí ìka ẹsẹ̀ ta bọ́ọ̀lù náà, gbì, bí ẹni ta ilẹ̀kùn tó há. Kò lẹ́wà rárá. Nehemiah kò tíì múra, nítorí ó mọ̀ pé Jibril kì í bọ̀ kó má kọ́kọ́ yà kí àwọn tó wà lójú ọ̀nà. Bọ́ọ̀lù gba orí rẹ̀ kọjá, ó wọlé.

"Ṣé ara ọmọ yìí yá ṣá?" ni ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bèèrè. Lẹ́yìn náà ni ariwo tó sọ. Jibril yí padà, ó ń sáré. Ó sá kọjá lára àwọn tó fẹ́ dì mọ́ ọn, ó sá kọjá ìlà pápá, ó gba ẹnu géètì jáde. A rò pé ayọ̀ ni. Ìgbà tí a rí i lẹ́yìn ọ̀kadà ni a mọ̀ pé ọ̀ràn dé.

Bàtà bọ́ọ̀lù rẹ̀ ń dún kó-kó-kó lórí símẹ́ǹtì ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì ń lé e lẹ́yìn. Ó já wọ yàrá.

"Tíṣà, mo ti gbá a! Mi ò yí ẹnikẹ́ni. Láti àárín pápá ni. Ìhòòhò ni, sà!"

Tíṣà dìde jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì. "Ta ló wá bọ́ sí ipò rẹ?"

"Kò sẹ́ni kankan, sà."

"O tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹfirí?"

"Àyè dà, sà? Ẹ ó gbọ́ ariwo, ẹ ò sì ní í mọ ẹni tó gbá a wọlé. Mo ní kí n yára wá sọ fún yín kí àyà yín tó já."

"Jibril, padà! Sáré padà!"

Ariwo ńlá kan sọ níta. Wọ́n kọjú sí fèrèsé. Susannah bèèrè pé ta ló gbá ìyẹn wọlé. Ẹni tó yẹ kó mọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú wọn.

Rẹfirí kò gbà á sórí pápá mọ́. Ènìyàn mẹ́wàá ló kù nínú tiwa, àwọn Ìjẹ̀ṣà sì gbá méjì wọlé wa. Ife kò kúrò ní Iléṣà. Ṣùgbọ́n nígbà tí dókítà dé ní ìrọ̀lẹ́ tó wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ Tíṣà, ó tún un wọ̀n, ó ní ó ti wálẹ̀, irú èyí kò ṣẹlẹ̀ láti ọjọ́ tó ti dé. Ó bèèrè oògùn tí wọ́n fún un. Nọ́ọ̀sì na ìka sí Jibril, tó ti sùn lọ lórí àga tòun ti bàtà bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀.

Inú bí wa. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko la ò fi kí i. Òun ń kí wa. Tíṣà nìkan ni kò bá wa bínú, bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ níwájú rẹ̀ pé Jibril ló gbé ife wa sọnù, ìbéèrè kan ló máa ń bi olúwarẹ̀: "Ta ló kúrò lórí pápá nítorí tìrẹ rí?"

Lọ́dún 1998, Jibril kú. Ibà ọjọ́ mẹ́rin ni. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, nítorí Tíṣà ni àyà wa fi ń já. Kò sí ọjọ́ kan tí ẹnikẹ́ni bẹ̀rù nítorí Jibril.

Wọ́n sin ín lọ́jọ́ kan náà, bí ẹ̀sìn rẹ̀ ti wí, kò sì sẹ́ni tó láyà láti lọ sọ fún Tíṣà. Susannah ló sọ ọ́. Ó kọ́kọ́ fún un ní oògùn, ó fún un ní omi, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, kó tó la ẹnu. Tíṣà kò ṣubú. "Èmi ló yẹ kó wá sin," ló wí, ó sì sunkún bí ọmọdé.

Ọjọ́ fídáù, tí í ṣe ọjọ́ kẹjọ, àgbàlá wọn ní Òkè-Baálẹ̀ kún. Nehemiah wá láti Iléṣà. Alùfáà Mùyídéènì ló ń ṣe àdúà. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, Kifayat, ìyàwó Jibril, jáde wá láti inú yàrá, ó kúnlẹ̀ níwájú Tíṣà, ó gbé agbádá sányán lé e lọ́wọ́.

"Òun ló ń ṣe lọ́wọ́ kí ibà tó dá a dùbúlẹ̀, sà. Ó ní lọ́tẹ̀ yìí, ẹ ó gbà á."

Tíṣà tẹ́ aṣọ náà sórí itan. Láti ìgbà tí a ti dáyé, a ò rí irú ọnà bẹ́ẹ̀ lọ́rùn agbádá. Tíṣà fi ìka tọ òwú náà. Ó bẹ̀rẹ̀ láti àyà òsì, ó dé ẹ̀bá ọrùn, ó tún yí padà, ó lọ sí èjìká, ó yí ara rẹ̀ ká lẹ́ẹ̀mejì láìnídìí, ó tún ń bọ̀. "Ó ti dé ibẹ̀ tán," ni Tíṣà ń sọ lábẹ́lẹ̀, "ó tún padà." Ó dìde, ó gbé agbádá náà wọ̀ sórí búbá rẹ̀, Alùfáà sì bẹ̀rẹ̀ àdúà. Gbogbo wa tẹrí ba.

Abẹ́rẹ́ ṣì wà nínú agbádá náà. Bí Tíṣà ṣe tẹrí ba ni abẹ́rẹ́ gún un lọ́rùn, kó sì tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti ké igbe tó ké fún ọdún mẹ́wàá:

"Jibril, ó tó!"

Alùfáà dá àdúà dúró. Nehemiah ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, pẹ̀lú ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ yẹn, Kifayat tẹ̀lé e, Alùfáà fi ọwọ́ bojú, èjìká rẹ̀ ń mì, gbogbo àgbàlá sì ń rẹ́rìn-ín. A rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín fi di ẹkún lẹ́nu àwọn mìíràn, kò sì sẹ́ni tó mọ èyí tí ẹnìkejì ń ṣe.

Nígbà tó rọlẹ̀, Kifayat sún mọ́ Tíṣà, ó ń bẹ̀ ẹ́, ó yọ abẹ́rẹ́ náà kúrò. Ó fẹ́ fi eyín já òwú tó rọ̀ sílẹ̀, kó ta á ní kókó. Tíṣà di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Má já a, ọmọ mi," ló wí. "Ó kù díẹ̀ lọ́rùn."